Kí ló dé tí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù fi já wálẹ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá ńlá?

Olùbéèrè: Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìjàǹbá ọkọ̀, egungun itan wọn ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì dà púpọ̀ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Ó ti pẹ́ tí dókítà ti ń sọ pé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù wọn, irú ọ̀rá kan nínú ẹ̀jẹ̀, pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ọjọ́ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ fi hàn pé kò ju ìdajì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ oògùn nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni?

Aláyẹ̀wò: Ẹ kú ìtọ́jú wọn o. Kí wọ́n má tíì yọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dà gbé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù lọ, omi tí wọ́n sì fà sí wọn lára ti bomi la èyí tó kù. Ìyẹn nìkan kọ́: ọgbẹ́ ńlá a máa mú kí ara tú àwọn èròjà tó ń fa wíwú sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn wọ̀nyí ló sì ń yí iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ padà, tí LDL àti HDL, àwọn èròjà tó ń gbé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kiri nínú ẹ̀jẹ̀, yóò fi dín kù, bẹ́ẹ̀ tiraigílísẹ́ráìdì, irú ọ̀rá mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀, lè máa lọ sókè lákòókò kan náà. Ẹ tún ìwé àyẹ̀wò náà wò. Ó ṣeé ṣe kí albumin, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, náà ti wálẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù: Bẹ́ẹ̀ ni, ara sì tún ń ná kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù náà. Àwọn ẹ̀yà ara kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín ń fi kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ṣe kọ́tísọ́ọ̀lù, họ́mọ́ọ̀nù tí ara fi ń kojú ìnira. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun tó ń dí ojú ọgbẹ́ náà ń fi ṣe awọ wọn. HDL sì máa ń so mọ́ májèlé àwọn bakitéríà kan. Ìdí nìyí tí a fi ń fura bí iye kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù bá kọ̀ tí kò gòkè, nítorí ó sábà máa ń bá àkóràn rìn.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé kí á máa fún wọn ní oúnjẹ ọlọ́ràá nígbà náà?

Aláyẹ̀wò: Rárá o. Ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù. Oúnjẹ tó tó, tó sì ní purotéènì dáadáa, ni ọgbẹ́ ń fẹ́. Bí wíwú bá ti rọlẹ̀, iye náà yóò máa gòkè padà, ó sì lè dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe ní nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ara wọn bá yá, kí wọ́n má sì dá oògùn dúró láìjẹ́ pé dókítà wọn sọ bẹ́ẹ̀.