Wọ́n kọ̀ láti kó waybill (ìwé tó ń bá ẹrù rìn) jáde nínú ẹjọ́ àdéhùn. Ọ̀nà wo la lè gbà fi kóòtù mú wọn?

Oníyanrìn Ẹ̀bútè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹjọ́ wa wà ní Hàíkọ́ọ̀tù Ìkòròdú. Típà yanrìn 60 la kó fún ilé iṣẹ́ kan ní Odogunyan, 38 péré ni wọ́n gbà pé ó dé. Ọwọ́ wọn ni ojúlówó waybill wà, àti ìwé tí àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí. Ẹ̀dà kábọ́ọ̀nù ló kù sọ́wọ́ wa, ó sì ti ń ṣá. Lọ́yà wa kọ lẹ́tà, wọn ò dáhùn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wa ní ìwé àwíjàre wọn ni.

Agbẹjọ́rò Ìgbógbó:
Lẹ́tà lásán ò lè mú wọn, ẹ̀gbọ́n. Ìlànà Hàíkọ́ọ̀tù Ìpínlẹ̀ Èkó gbà yín láyè láti kọ̀wé bèèrè pé kí wọ́n fi ìbúra dárúkọ gbogbo ìwé tó kan ẹjọ́ náà, èyí tó wà lọ́wọ́ wọn àti èyí tó ti wà níbẹ̀ rí.

Ọjọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ ò bá ní fèsì sí àwíjàre wọn, ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí ẹ gbà á ni a ó kà á sí pé kíkọ̀wé síra ẹni ti parí. Ọjọ́ 7 mìíràn lẹ ní láti fi ìbéèrè yín ránṣẹ́, àwọn náà ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Ní CMC, ìjókòó tí adájọ́ fi ń to ẹjọ́ kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ má kọ "gbogbo ìwé tó jẹ mọ́ yanrìn" o! Wọ́n á ní ńṣe lẹ kàn ń tú ẹrù wọn kiri, adájọ́ sì lè gbà fún wọn. Ẹ kọ ọ́ bí èyí: "Waybill nọ́ńbà 0412 sí 0471, tí olùtọ́jú sítọ́ọ̀ fọwọ́ sí láàárín oṣù kẹta àti oṣù karùn-ún 2024, ìwé géètì fún oṣù mẹ́ta yìí kan náà." Kí ẹ sì tọ́ka sí ìpínrọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá lọ nínú ìwé ẹ̀sùn yín. Ìwé tí àwọn fúnra wọn bá dárúkọ nínú àwíjàre wọn ò le rárá: ẹ fún wọn ní ìwé pé ẹ fẹ́ wò ó, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Akọ̀wé Kóòtù:
Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ fi notice to produce náà kún un, ìyẹn ìwé tí ẹ fi ń sọ fún wọn pé kí wọ́n mú ojúlówó wá sí kóòtù. Àwọn èèyàn máa ń rò pé àṣẹ ni; kì í ṣe àṣẹ. Lábẹ́ abala 89 àti 91 Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá gbà á tí wọn ò mú ojúlówó wá, ẹ lè fi ẹ̀dà tiyín ṣe ẹ̀rí. Torí náà, ẹ tètè ya fọ́tò kábọ́ọ̀nù yẹn kó tó parẹ́ tán. Bí ẹ bá máa tẹ fọ́tò náà sórí ìwé, ìwé ìjẹ́rìí abala 84, tó ń sọ nípa ẹ̀rọ tí ẹ fi ṣe é, gbọ́dọ̀ bá a rìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ́yà wọn á tako o.

Oníyanrìn Ẹ̀bútè:
Ẹ ṣeun, sà. Bí wọ́n bá wá búra pé ó ti sọnù ńkọ́?

Agbẹjọ́rò Ìgbógbó:
"Ó sọnù" nìkan ò tó. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọjọ́ tó kúrò lọ́wọ́ wọn àti ọ̀dọ̀ ẹni tó lọ. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni, bíi ẹni tó ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi wọn ọkọ̀, ẹ gba subpoena, ìyẹn ìwé àṣẹ kóòtù, kó wá mú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá. Abala 167(d) Òfin Ẹ̀rí yẹn tún gba adájọ́ láyè láti gbà pé ìwé tí èèyàn fi pamọ́ ìbá ta ko ẹni tó fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé ìwé náà wà, ọwọ́ wọn ló sì wà. Ẹ̀dà kábọ́ọ̀nù tó ní ìfọwọ́sí olùtọ́jú sítọ́ọ̀ wọn lẹ máa fi ṣe ìyẹn. Lẹ́tà àárín wọn àti lọ́yà wọn ni kí ẹ má bèèrè. Abala 192 dáàbò bò ó.