«Ìméfò» kọ́, «ìfàyọ» ni: lórí ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún àwọn oníkóòdù Java

Ẹ̀yin olùfẹ́ èdè,

Ẹnìkan dábàá pé kí a pe «mock» tí wọ́n ń lò nínú ìdánwò kóòdù ní «ẹlẹ́yà». N kò fara mọ́ ọn, nítorí pé nǹkan náà kì í fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ńṣe ni ó ń dúró sí ipò ohun gidi, tí ó sì ń dá èsì tí a ti fi sí i lẹ́nu padà. «Ayédèrú» náà ti mú ẹ̀tàn lọ́wọ́ jù. «Adípò» tẹ́ mi lọ́rùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó ni «ìméfò», tí wọ́n dábàá fún bí atúmọ̀ ṣe ń mọ irú («type», bíi ọ̀rọ̀ tàbí nọ́ńbà) tí a kò kọ sílẹ̀. (Mo ń pe «compiler», ohun tí ń tú kóòdù sí èdè tí kọ̀ǹpútà lè lò, ní atúmọ̀, kì í ṣe ògbufọ̀, nítorí pé ògbufọ̀ a máa tú ọ̀rọ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu.) Láti ìgbà tí Java 5 ti dé ní ọdún 2004 ni a ti lè kọ mẹ́tọ́ọ̀dù alálàfo («generic method»), èyí tí a fi àyè irú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó bá pè é dí i. Bí a bá wá fi Mockito, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe adípò, ṣe adípò fún un, tí a kọ when(apoti.mu()).thenReturn(esi), níbi tí mu ti jẹ́ mẹ́tọ́ọ̀dù alálàfo náà, atúmọ̀ ni yóò wo inú when kí ó tó mọ irú ohun tí thenReturn gbọ́dọ̀ gbà. Eclipse, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ kóòdù, ní atúmọ̀ tirẹ̀, ECJ, nígbà tí Maven, irinṣẹ́ tí ń kó kóòdù pọ̀ di odindi, ń lo javac, atúmọ̀ tó bá Java wá, bí a kò bá yan òmíràn fún un; nípa bẹ́ẹ̀, gbólóhùn kan lè kọjá nínú Eclipse wọ́ọ́rọ́wọ́, kí javac sì kọ̀ ọ́.

Bí ó bá jẹ́ ìméfò ni, a ó ní oníkálukú ló méfò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin èdè Java ti la bí a ṣe ń fa irú yọ sílẹ̀, Java 8 sì tún apá yẹn ṣe gidigidi ní 2014. Òfin kan náà ni atúmọ̀ méjèèjì ń tẹ̀ lé. Òye wọn nípa rẹ̀ ni kò bára mu níbòmíràn. Ẹni tó bá gbọ́ «ìfàyọ» yóò béèrè ibi tí wọ́n ti fa irú náà yọ, ibẹ̀ gan-an sì ni àtúnṣe wà: kí a fọwọ́ ara wa dí àlàfo náà, apoti.<String>mu(), tàbí kí a lo doReturn ti Mockito, tí ń gba Object èyíkéyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣìṣe irú kò ní hàn mọ́ títí ìdánwò yóò fi máa ṣiṣẹ́.