Aró ń wọ abẹ́ ìda lára àdìrẹ alábẹ́là: kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin aládìrẹ, ẹ kú iṣẹ́ o. Akúrẹ́ ni mo ti ń ṣe àdìrẹ alábẹ́là, èyí tí a ń fi ìda gbígbóná tẹ ọnà sí lára aṣọ kí aró má baà wọ ibẹ̀. Kọ́tìnì funfun ọ̀pá 5 ni mo ń lò, mo sì máa ń kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ sítáàṣì ara rẹ̀ kúrò. Fóòmù tí mo gé ọnà sí ni mo fi ń tẹ ìda. Aró: dáì ṣíbí 1, kọ́sítíìkì sódà ṣíbí 2, hydrosulphite (kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí dáì yòrò kó lè wọ aṣọ) ṣíbí 3. Omi gbígbóná ni mo fi ń pò ó, kí n tó fi omi tútù là á títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ìda má baà yọ́.

Ojú aṣọ ń dára. Ẹ̀yìn ni wàhálà wà: aró ń gba ibẹ̀ wọlé, etí ọnà á wá rí wúruwùru. Bí ìda ò bá gbóná tó, orí aṣọ ló ń dì sí. Bó bá sì gbóná débi pé ó ń rú èéfín, á ṣàn kọjá ààlà. (Ọyẹ́ tún ń mú kó tètè dì sára fóòmù.)

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n máa tẹ ẹ̀yìn náà ni, àbí kí n po ìda oyin mọ́ àbẹ́là? Ìdá mélòó sí mélòó? Kí lẹ sì ń tẹ́ sórí tábìlì? Ọ̀rá tí mo ń tẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ìda, bí mo bá ṣí aṣọ, á bó ti ẹ̀yìn kúrò.