Ṣé “jíà òkè” ni ká pè é, àbí “jíà fífúyẹ́”?

Ẹ̀yin olùfẹ́ èdè wa,

Ọ̀kan nínú yín dábàá pé, nínú àlàyé tí a fẹ́ kọ fún àwọn tó ń múra eré kẹ̀kẹ́ cyclocross (eré ìje tí a ń fi kẹ̀kẹ́ sá gba inú koríko àti ẹrẹ̀) lórí pápá olókè, kí a máa pe jíà tí a fi ń gun òkè ní “jíà òkè”, kí a sì máa pe èyí tí a fi ń sáré lórí ilẹ̀ títẹ́jú ní “jíà ilẹ̀”. Mo mọ rírì iṣẹ́ tó ṣe, ṣùgbọ́n mi ò lè fara mọ́ ọn. Òkè ni ibi gíga tí a ń gùn, òkè náà sì ni ibi tí ohun tó ga jù máa ń wà. Ẹni tó bá kà pé “ẹ fi jíà òkè sí i” lè rò pé jíà tó ga jù lọ ni, èyí tí a fi ń sá eré àsápajúdé, bẹ́ẹ̀ òdìkejì rẹ̀ gan-an la ní lọ́kàn.

“Jíà ńlá” àti “jíà kékeré” kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òrùka eléyín méjì ni ṣéènì so pọ̀: bí èyí tó wà níbi ẹsẹ̀ bá ṣe tóbi tó ni kẹ̀kẹ́ ṣe ń le wà tó, ṣùgbọ́n bí èyí tó wà lára wíìlì bá ṣe tóbi tó ni ó ṣe ń rọrùn tó. (Mo yan “òrùka ẹsẹ̀” àti “òrùka wíìlì” nítorí pé bí a bá sọ pé “òrùka ẹ̀yìn”, tí ẹnìkan sì kọ ọ́ láìfi àmì sí i, kò ní yàtọ̀ sí eyín tí à ń kà lára rẹ̀.)

Ohun tí ẹsẹ̀ ń mọ̀ lára ni mo fẹ́ kí a fi sọ ọ́ lórúkọ: jíà fífúyẹ́ àti jíà wíwúwo. Bí ẹnìkan bá ní a ó rò pé ìwọ̀n irin rẹ̀ ni, ṣebí a máa ń sọ pé iṣẹ́ fúyẹ́ tàbí pé ọ̀rọ̀ wúwo, láìgbé ọ̀kankan sórí ìwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ kẹta ló jẹ mí lógún jù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi ínǹṣì wọn jíà, nítorí pé wọ́n ń fi wé wíìlì iwájú kẹ̀kẹ́ gíga ayé àtijọ́, èyí tí ẹsẹ̀ ń yí tààrà láìsí ṣéènì. Àwọn Faransé ń fi mítà wọ̀n ọ́n, ìyẹn ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lọ bí ẹsẹ̀ bá yípo lẹ́ẹ̀kan. Tiwọn yìí ni mo fẹ́ kí a pè ní “ìgbésẹ̀ kẹ̀kẹ́”. Lóòótọ́, ìgbésẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìjọba àti ti ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí a gbé ló ti wá, ibẹ̀ la sì ń dá a padà sí.

Ẹ wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí wíìlì bá ń lọ tó mítà 2.1 ní ìyípo kan, tí òrùka ẹsẹ̀ ní eyín 40, tí òrùka wíìlì tó tóbi jù sì ní 32, a ó fi 40 sọ 2.1 di púpọ̀, a ó sì fi 32 pín in: ìgbésẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà jẹ́ nǹkan bí mítà 2.6. Bí a bá fi òrùka eléyín 36 rọ́pò ti ẹsẹ̀, ó di nǹkan bíi 2.4. Ẹni tó ń mú jíà fún pápá olókè yóò rí ohun tó jèrè lójú ẹsẹ̀, yóò sì rí i pé ó ní ibi tó yẹ kó dúró sí: nínú ìdíje UCI, àjọ tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, fífẹ̀ táyà kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 33 lọ, nítorí náà bí jíà bá fúyẹ́ jù nínú ẹrẹ̀, táyà á kàn máa yọ̀ ni. Níbẹ̀, ó sàn kí ó sọ̀kalẹ̀, kí ó gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, kí ó sì fi ẹsẹ̀ sáré, nítorí òfin eré náà gbà á láyè.

Èyí tí mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún ni àlàfo tó wà láàárín jíà tó fúyẹ́ jù àti èyí tó wúwo jù lórí kẹ̀kẹ́ kan náà. “Àyè jíà” ló wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó dún bí ibi tí a ń kó jíà sí. Kí ni ẹ̀yin rò?