Ìparí ọ̀rọ̀ mi: mo ti rí olùkọ́ náà

Ẹ kú ìdúró, ẹ̀yin ará. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bèèrè ẹni tó gba Lillian Lincoln níyànjú láti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ òwò Harvard ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba MBA (oyè gíga nínú ìmọ̀ òwò), ní 1969. Olùkọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Howard ní Washington ni, H. Naylor Fitzhugh. Òun náà gba MBA Harvard ní 1933, síbẹ̀ kò sí iléeṣẹ́ ńlá tó gbà á síṣẹ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Èyí dùn mí wọ egungun. Ó padà sí Washington, ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìmọ̀ òwò fún nǹkan bí 30 ọdún, kó tó lọ sí Pepsi ní 1965. Ó kú ní 1992. Lillian ní tirẹ̀ ṣí iléeṣẹ́ ìmọ́tótó ní 1976. Ẹ ṣeun gan-an, ìbéèrè mi ti parí.