Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí fóònù VoIP fún ọ́fíìsì kékeré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì. A fẹ́ kó lọ sí ọ́fíìsì tuntun, ènìyàn 12 ni wá, orí íntánẹ́ẹ̀tì la sì fẹ́ kí gbogbo fóònù wa máa gbà.

Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè jù ni ohùn tó ń já. Ìpè kan lórí G.711 (ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń sọ ohùn di dátà) ń gba nǹkan bí 87 kbps ní ìhà kọ̀ọ̀kan, lílọ àti bíbọ̀, nítorí náà ìpè 12 lẹ́ẹ̀kan náà kò tó 1.1 Mbps. Àmọ́ tí ẹnìkan bá ń fi fáìlì ńlá ránṣẹ́ lásìkò náà ńkọ́? Ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń gbà jáde.

Ṣé kí n ya fóònù sí VLAN tirẹ̀ ni (bíi nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀tọ̀ lórí ẹ̀rọ kan náà), àbí QoS (ètò tó ń jẹ́ kí ìpè ṣáájú dátà mìíràn) lórí router nìkan ti tó? Switch (àpótí tí gbogbo wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ̀) tó ní PoE, ìyẹn iná láti inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni mo fẹ́ rà, kí wáyà kan ṣoṣo máa gbé iná àti ìpè. Ṣé kí kọ̀ǹpútà gba inú fóònù kọjá, àbí ká fa wáyà méjì sí tábìlì kọ̀ọ̀kan? Wáyà méjì ló wù mí, torí wọn ò tíì rẹ́ ògiri. Owó rẹ̀ ló ń ba ọ̀gá wa lẹ́rù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, kí lẹ máa kọ́kọ́ náwó lé?