Ṣé ẹ̀yin náà máa ń ka ìwé Yorùbá sókè ni, àbí èmi nìkan?

Aránṣọ Òkè-Àdó:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Bí mo bá ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ojú lásán ni mo fi ń kà á, ó sì ń yé mi, mo ń gbádùn rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìwé Yorùbá, tí n kò bá la ẹnu kà á, ṣe ló máa ń dà bí ọbẹ̀ tí mo kàn ń gbóòórùn rẹ̀ láti ilé aládùúgbò. Àfi kí n fi etí ara mi gbọ́ ọ kó tó dùn.

Ìṣẹ́yìn ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìlú náà mọ̀ pé aṣọ òfì ni iṣẹ́ wa. Òfì márùn-ún ló wà níta ilé wa. Àwọn ọkùnrin á máa hun, ìyá àgbà á máa ká òwú. Ní 1985, tí mo wà ní praimárì fáìfù, bí mo bá ti ti ilé ìwé dé tí mo jẹun tán, wọn á ní kí n lọ gbé ìwé wá. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni, ìwé tí D. O. Fágúnwà kọ tó jáde ní 1938. Bàbá àgbà ló ra ẹ̀dà tiwa kí wọ́n tó kú, bébà kàlẹ́ńdà ni wọ́n fi dì í lẹ́yìn.

Ìyá àgbà kò mọ̀wé rárá, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń tún ohùn mi ṣe tó wọn. Lọ́jọ́ kan mo ka "ọkọ" níbi tó yẹ kó jẹ́ "ọkọ́". Wọn ò tilẹ̀ gbójú kúrò lára òwú. Wọ́n ní, "Padà síbẹ̀. Ta ní í gbé ọkọ kọ́ èjìká lọ sóko?" Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, àti ọ̀kọ̀ tí àwọn ahunṣọ ń sọ láti ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí òsì, ìta ilé yẹn ni mo ti fi etí kọ́ gbogbo wọn. Àwọn òfì gan-an ń bá mi kàwé. Bí ìjà bá dé nínú ìtàn, ọwọ́ wọn á yá. Bí mo bá dánu dúró kí n lè mọ ọ̀rọ̀ kan, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ dè mí. Nínú ìwé náà, Àkàrà-ògùn ń pìtàn fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ tí wọ́n ń wá gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìta tiwa rí. Nígbà tó yá, ẹlẹ́kọ ìrọ̀lẹ́ á sọ igbá kalẹ̀, kò ní lọ mọ́.

Ikán ti jẹ ewé mélòó kan nínú ìwé náà, ibi tí Àkàrà-ògùn ti pàdé Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún. Bí mo bá débẹ̀, màá ní, "Ikán ti jẹ ibí." Ìyá àgbà á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, wọn á máa sọ ọ́ lọ láti inú ara wọn. Lónìí, ọgbọ́n ni Àkàrà-ògùn fi bọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀ tá a bá tún ìwé náà kà, Àgbákò ló ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn ahunṣọ á jiyàn títí. Bó bá ti tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á ní kí n máa kà lọ láti ibi tí ikán jẹ ẹ́ dé.

Ìyá àgbà ti lọ láti 1998. Ọwọ́ mi ni ìwé náà wà. Lóṣù tó kọjá mo ra ẹ̀dà tuntun ní Dùgbẹ̀, gbogbo ewé rẹ̀ ló pé. Mo kà á dé ibẹ̀ yẹn, ọwọ́ mi kò sì lè ṣí ewé tó kàn. Mo pa á dé, mo gbé e sínú dúrọ́ọ̀ maṣíìnì mi, ibẹ̀ ló wà títí di òní.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnu ni ẹ̀yin náà fi ń ka ìwé Yorùbá? Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ máa ka àwọn ewé yẹn?


Tíṣà Fẹ̀yìntì, Òṣogbo:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín, ó wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ẹnu nìkan ni adùn ìwé Yorùbá wà.

Ojú ni èmi fi ń kà á, láago mẹ́rin ìdájí, nígbà tí gbogbo ilé ṣì ń sùn. Màá fi pẹ́ńsù fàlà sábẹ́ gbólóhùn kan, màá padà sí i lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹni tó ń kà á sókè kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ á máa tì í lọ síwájú. Bí Fágúnwà bá to ọ̀rọ̀ mẹ́fà jọ fún nǹkan kan ṣoṣo, ẹni tó ń gbọ́ á gbádùn bó ṣe ń dún bí ìlù. Ẹni tó fojú wò ó pẹ̀lú sùúrù ló máa rí i pé ẹ̀kẹfà ti gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò níbi tí ìkíní gbé e sí. Ìgbádùn nìyẹn náà, ó sì jinlẹ̀.

Nǹkan kan wà tó lè jẹ́ kí ẹnu yín máa wá ọ̀rọ̀ kiri. Ní 1974 ni wọ́n fọwọ́ sí àkọtọ́ tá à ń lò báyìí. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn máa ń kọ "aiye" àti "enia" níbi tí àwa ń kọ "ayé" àti "ènìyàn", àmì ohùn kì í sì í pé lórí ọ̀rọ̀. Bó bá ṣe pé ẹ̀dà àtijọ́ ni bàbá àgbà rà, ojú ọmọdé á dúró níwájú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ọdún púpọ̀ ni mo fi wo àwọn ọmọ kíláàsì mi bẹ́ẹ̀: wọ́n á pè é jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ojú wọn á sì là.

Àwọn ewé yẹn, mà, ẹ kà wọ́n. Ẹni tó kọ wọ́n ṣe iṣẹ́ lórí wọn. Bí ẹ bá sì ní ọmọ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ bá wọn wá Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, ó jáde ní 1969. Ẹ má ka ju orí kan lọ lóòjọ́. Tí wọ́n bá ti mọ Lápàdé, akọni inú ìwé náà, ẹ ò ní rí ẹni tó máa pẹ́ dé ibi iṣẹ́ mọ́.


Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Tampa:

Ẹ̀gbọ́n, ohun tẹ́ ẹ sọ nípa àwọn ahunṣọ yẹn mú mi dìde lórí àga.

Níbi tí mò ń gbé ní Florida, àdúgbò kan wà tó ń jẹ́ Ybor City, níbi tí àwọn ará Cuba ti wá ń wé sìgá láyé àtijọ́. Gbogbo ilé iṣẹ́ sìgá ló ní ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní lector. Orí àga gíga ló máa ń jókòó sí, á máa kàwé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń wé sìgá lọ. Ìwé ìròyìn á ṣáájú, ìtàn àròsọ á tẹ̀ lé e. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń dá owó rẹ̀ láti inú owó iṣẹ́ wọn, àwọn náà ló sì ń dìbò yan ìwé tó máa kà. Havana ni àṣà náà ti bẹ̀rẹ̀, ní 1865. Orúkọ sìgá Montecristo, inú ìtàn tí wọ́n ń kà fún wọn ni wọ́n ti mú un. Ní 1931 ni àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ní Tampa níbí lé àwọn lector kúrò. Àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, àmọ́ rédíò ni wọ́n gbé síbẹ̀.

Mo ti wo àwòrán ọ̀kan nínú wọn pẹ́, tó dìde dúró pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tí gbogbo orí tẹ̀ ba sórí iṣẹ́. N kò mọ̀ pé irú rẹ̀ wà nílé wa, àti pé ọmọbìnrin praimárì fáìfù ni.


Nọ́ọ̀sì Peckham:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu ni o. Bíbélì Yorùbá ni mo máa ń mú lọ sí iṣẹ́ òru, "aiye" àti "enia" tí Tíṣà ń sọ yẹn kún inú rẹ̀. Ètè mi á máa mì. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé àdúrà ni mò ń gbà, adùn ọ̀rọ̀ Sáàmù ni mò ń jẹ. Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló túmọ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé ní 1884. Ọmọ Òṣoògùn ni Crowther, apá Ìṣẹ́yìn yín níbẹ̀.

Àmọ́ èmi ò ní ka àwọn ewé yẹn láéláé. Ti ìyá àgbà ti tó.


Aránṣọ Òkè-Àdó:

Ẹ ṣé gan-an ni. Àbọ̀ rèé.

Ní Sátidé iná lọ, mo bá gbé ẹ̀dà ìyá àgbà jáde, mo ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ká etí aṣọ tiwọn lọ kí n máa kàwé fún wọn. Ohùn mi kọ́kọ́ ń gbọ̀n. Nígbà tó yá, mo gbọ́ bí òfì ṣe ń dún lẹ́yìn ohùn mi.

Nígbà tí mo dé ibi tí ikán jẹ, mo ní, "Ikán ti jẹ ibí. Kí ló ṣẹlẹ̀?" Èyí tó kéré jù nínú wọn, tí kì í sọ̀rọ̀, fi abẹ́rẹ́ gún àyà aṣọ rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ní ojú mẹ́rìndínlógún, àwọn ojú náà ò lè sùn papọ̀, àfi kí Àkàrà-ògùn kọrin títí tí wọ́n á fi máa pa dé ní méjì-méjì. Oníbàárà mi kan tó wá gba ìró àti bùbá ní rárá o, ojú ẹ̀yìn ni kò ní pa dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n, omi bọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn náà ni mo fa dúrọ́ọ̀, mo sì kà á sókè bí Fágúnwà ṣe kọ ọ́. Tíṣà, ẹ ṣé. Ẹni tó kọ ọ́ ṣe iṣẹ́ lóòótọ́. Oníbàárà náà kò dìde títí mo fi parí orí yẹn.

Lánàá ni ọmọ náà gbé bébà tá a fi ń gé pátánì wá bá mi. Ó ti kọ tiẹ̀ síbẹ̀, ojú méjì-méjì yẹn, pẹ̀lú orin náà. Mo ká a sí mẹ́rin, mo sì fi há ibi tí ikán jẹ.